Afárá Ọjọ́ Ìpínlẹ̀

Ọkọ mi kì í bínú sí Ọjọ́ Ìpínlẹ̀. Ó kàn máa ń wò ó bí èèyàn ṣe ń wo àna rẹ̀ tó sùn lọ nílé ìjọsìn ni: kò ní jí i, kò sì ní gbójú kúrò lára rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ wa ṣì ń rákò ni wọ́n gé ìpínlẹ̀ wa yìí kúrò lára èyí tó tóbi jù ú lọ, láti ìgbà náà sì ni ìjọba ti sọ ọjọ́ náà di ọlidé. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀dà funfun kun òkúta etí títì, ọkọ mi á ti mọ̀ pé ó ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Á bọ́ awò ojú rẹ̀, á ní:

"Ìyá wọn, ọmọ tí à ń ṣe ọjọ́ ìbí fún yìí mà tún ti fi ọdún kan lé e. Kò tíì dá jókòó o. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣáà máa jẹ kéèkì rẹ̀."

Èmi á ní kó rọra. "Ẹni tó ń jẹun ìjọba kì í fi ìjọba ṣe yẹ̀yẹ́."

"Oúnjẹ wo? Kéèkì ni mo pè é."

"Ọlọ́run á dárí jì yín."

"Àmín. Òun nìkan ni kì í gba ọlidé."

Bí a ṣe máa ń ṣe é lọ́dọọdún nìyẹn.

Olùkọ́ èdè Òyìnbó ni, ní ilé ẹ̀kọ́ girama tó wà lẹ́yìn pápá. Ibẹ̀ ló wà kí a tó bí àkọ́bí wa, ibẹ̀ náà ló wà nígbà tí àbíkẹ́yìn wa kẹ́rù kúrò nílé. Kọ́mà ni àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè é, nítorí pé tó bá ń bá ọmọ wí, ó máa ń dúró láàárín gbólóhùn, á mí kanlẹ̀, ọmọ á rò pé ó ti tán, á fẹ́ máa lọ, ìgbà náà ni ìyókù á tó bọ́. Orúkọ náà ti ilé ìwé dé ọjà, ó ti ọjà dé ilé ìjọsìn. Pásítọ̀ wa gan-an ti ṣèèṣì rí lórí àga ìwàásù, ó ní kí Tíṣà Kọ́mà wá gbàdúrà ìparí. Ọkọ mi dìde, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ó dúró láàárín rẹ̀, gbogbo ìjọ bá ṣe àmín, wọ́n gbé báàgì wọn. Ó ṣì ku ìdajì.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, kó wá wò ó nídìí tábìlì ìjẹun wa ní ìrọ̀lẹ́. Ṣẹ́ẹ̀tì alápá kúkurú, bírò méjì lápò àyà, ọ̀kan pupa, ọ̀kan búlúù, awò ojú tí mo fi òwú so lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìwé àwọn ọmọ á ga níwájú rẹ̀ débi pé orí rẹ̀ nìkan ni mo máa ń rí láti ilé ìdáná. Tó bá kan gbólóhùn tó dára, ìbáà jẹ́ ti ọmọ tó ń gbẹ̀yìn kíláàsì, á pè mí, "Ìyá wọn, gbọ́ èyí." Mo lè máa ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́, màá fi í sílẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ girama ni èmi dé tí mo fi dúró, ṣùgbọ́n mo mọ gbólóhùn tó dára tí mo bá gbọ́ ọ. Ó máa ń dà bí ilẹ̀kùn tó pa dé láìpariwo.

Iṣẹ́ méjì ni Ọjọ́ Ìpínlẹ̀ máa ń gbé lé e lọ́wọ́, kò sì sí èyíkéyìí nínú méjèèjì tí wọ́n torí rẹ̀ gbà á síṣẹ́. Òun ló ń bá alága ìjọba ìbílẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ tí alága máa ń kà ní pápá lédè Òyìnbó. Tí alága bá sì ń kà á, òun náà ni yóò dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ògbufọ̀, tí yóò máa yí i sí èdè wa fún àwọn tí kò gbọ́. Akọ̀wé alága ló máa ń gbé iṣẹ́ náà wá sílé, ọmọ ilé ìwé rẹ̀ àtijọ́ sì ni. "Ìwọ kọ́ ọmọ lédè Òyìnbó tán," ọkọ mi á ní, "ó wá ń fi í rán ọ níṣẹ́."

Nítorí iṣẹ́ ògbufọ̀ yìí ni àwọn èèyàn ṣe ń gbé àpótí ìjókòó wá láti ilé. Alága á ka gbólóhùn gígùn kan nípa ìlọsíwájú, ọkọ mi á gba máìkì, á ní, "Alága ní à ń rìn." Á dúró. "Wọn ò tíì sọ ibi tí à ń lọ." Pápá á hó gèè. Alága náà á rẹ́rìn-ín, nítorí tí gbogbo pápá bá ń rẹ́rìn-ín tí ìwọ ò rín, ìwọ nìkan lo máa ṣẹ́kù. Àwọn ọmọ ilé ìwé nìkan ni kì í rín. Orí ìdúró ni wọ́n wà nínú oòrùn láti àárọ̀, ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn kì í tètè gbọ́ àwàdà.

Odò kan ló la ìlú wa sí méjì. Ìhà tiwa ni ilé ìwé, ọsibítù àti ọ́fíìsì ìjọba wà. Òdìkejì ni àwọn aránṣọ, àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù àti àwọn tí owó ilé ìhà tiwa ju agbára wọn lọ ń gbé. Afárá ẹlẹ́sẹ̀ onípákó ni wọ́n ń gbà wá sọ́dọ̀ wa. Lọ́dọọdún, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú tí odò fà, àwọn ará òdìkejì á péjọ, káfíńtà wọn á ṣíwájú, wọ́n á yọ pákó tó ti jẹrà, wọ́n á kan tuntun, wọ́n á fi ọ̀dà dúdú kun ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń rán wọn. Ẹni tó máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun pákó ló mọ̀ pé ó yẹ kí pákó le.

Ọdún kan wá tí akọ̀wé gbé iṣẹ́ dé, ó ní nǹkan méjì ni ìjọba ìbílẹ̀ máa ṣe: wọ́n máa pààrọ̀ òrùlé ilé ìwòsàn, wọ́n sì máa fa omi ẹ̀rọ dé ọjà. Ọkọ mi jókòó sídìí tábìlì, ó kọ ọ́, ó kà á, ó fi ìdí bírò gbá eyín rẹ̀.

"Gbólóhùn yìí ń tiro," ló wí.

"Kí ló ṣe é?"

"Nǹkan méjì péré ló wà níbẹ̀. Ààrò mẹ́ta ni kì í da ọbẹ̀ nù, ohun tí mo ń wí fún àwọn ọmọ yẹn lójoojúmọ́ nìyẹn. Ẹ to nǹkan mẹ́ta tẹ̀ léra, ẹ jẹ́ kí ìkẹta gùn jù."

Ó wo àjà, ó wo fèrèsé, ó kọ ìkẹta. Lẹ́yìn náà ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi: "Òrùlé tuntun fún àwọn aláìsàn wa, omi tó mọ́ gaara fún ọjà wa, àti afárá tó yẹ àwọn èèyàn wa tó ń gbé ní òdìkejì odò." Ó dùn létí lóòótọ́. Èmi gan-an ṣe àmín. Ìgbà tí mo ṣe é tán ni mo tó bi í pé ta ló máa wá ṣe afárá ọ̀hún.

"Ìyá wọn," ó ní, "ta ló ń gba Ọjọ́ Ìpínlẹ̀ gbọ́?"

Nígbà tí alága kà á ní pápá, wọ́n pàtẹ́wọ́ díẹ̀ fún òrùlé, wọ́n pàtẹ́wọ́ díẹ̀ fún omi. Ó kan afárá. Àwọn ará òdìkejì dìde dúró. Obìnrin kan bọ́ gèlè orí rẹ̀, ó ń fì í. Alága wo ìwé ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ní ọdún kejì, akọ̀wé wá, kò tíì jókòó tó fi sọ̀rọ̀: "Sà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ afárá o. Afárá yẹn ń gba àtẹ́wọ́." Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò ṣe yọ ọ́. Wọ́n ṣe òrùlé. Omi ẹ̀rọ náà dé, ó ń wá, ó ń lọ. Alága yẹn lọ, òmíràn dé, afárá dúró sínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí àga tí a bá nínú ilé tí a rẹ́ǹtì. Ọkọ mi á ní, "Kò sí afárá tó pẹ́ tó tiwa ní gbogbo ìpínlẹ̀ yìí, kò sì tíì ní òpó kan." A jọ ń fi í rẹ́rìn-ín nídìí tábìlì ni.

Ohun tí a ò mọ̀ ni pé ní òdìkejì, wọn kì í rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń dúró. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn mú, wọn ò péjọ mọ́. Wọ́n ní kí ni ẹnìkan á máa kan igi mọ́ inú omi fún, nígbà tí sìmẹ́ńtì ń bọ̀? Wọ́n ní àwọn gbọ́ ọ lẹ́nu alága, àwọn tún gbọ́ ọ lẹ́nu Tíṣà.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, òjò tètè dé. Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì ọkọ mi, ọmọ aránṣọ kan ní òdìkejì, ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ tí kì í gbójú sílẹ̀. Ọkọ mi fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ọmọ náà ń ti ilé ìwé lọ sílé lọ́jọ́ kan lẹ́yìn òjò, ó dé àárín afárá, pákó dá mọ́ ọn nísàlẹ̀. Òkúta ló bá lábẹ́ omi. Káfíńtà ló bọ́ sódò tó gbé e jáde. Egungun itan rẹ̀ ti fọ́. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀ ní ọsibítù, dókítà sọ fún ìyá rẹ̀ pé yóò rìn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan kò ní gùn tó èkejì mọ́.

Lójoojúmọ́ tí ilé ìwé bá ti parí, ọkọ mi á yà sí wọ́ọ̀dù. Ìwé àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ga sí i lórí tábìlì, kò fọwọ́ kàn wọ́n. Mo rò pé ìbànújẹ́ olùkọ́ lásán ni. Mo ń gbàdúrà fún ọmọ náà, mi ò tíì mọ̀ pé ó yẹ kí n gbàdúrà fún ẹlòmíràn.

Ọ̀sán Sátidé kan ni ìyá ọmọ náà wá bá wa. Mò ń lọ aṣọ lọ́wọ́. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, tépù ìwọ̀n aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, mo rò pé ó ti gbàgbé pé ó wà níbẹ̀.

"Ẹ káàsán mà. Ṣé Tíṣà wà nílé?"

"Wọ́n wà. Ẹ wọlé, ẹ jókòó. Ara ọmọ ńkọ́?"

"A dúpẹ́. Ó jẹ búrẹ́dì lónìí."

Ọkọ mi jáde láti yàrá. Bó ṣe rí i, ó dúró bí ọmọ tí wọ́n pè sí ọ́fíìsì ọ̀gá. "Ìyá ọmọ wa, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ jókòó."

Kò jókòó. "Tíṣà, mi ò wá rojọ́ o. Ẹ máà bínú. Àwọn ará ilé wa ló ní kí n wá, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ń bá wọn kọ̀wé. Ẹ dákun, lọ́dún yìí, ẹ bá wa kọ ọ́ kó le. Ẹ kọ ọ́ kó wọ̀ wọ́n lára. Kí wọ́n tètè ṣe afárá yẹn."

Ọkọ mi bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Torí ẹ̀bi yẹn, èmi ni mo ni ín," obìnrin náà ń bá a lọ, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Káfíńtà ti fẹ́ pààrọ̀ pákó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ti gbé igi dé etí odò. Èmi ni mo ní kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú, ìjọba ń bọ̀ wá ṣe é. Ó ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀, mo ní Tíṣà Kọ́mà ni, Tíṣà kì í purọ́. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́. Mo ń sùn, mo ń gbọ́ ọ."

Mo gbọ́ òórùn aṣọ tó ń jó, mo sáré gbé áyọ́ọ̀nù. Ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ mi kan ló lọ sí i.

"Ẹ lọ sinmi," ọkọ mi wí nígbẹ̀yìn. "Ẹ lọ sinmi, ìyá ọmọ wa. A ó rí sí i."

Ó dúpẹ́. Obìnrin yẹn dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, lójú mi. Ó kí mi pé ó dàbọ̀, ó lọ.

Nígbà tí ilẹ̀kùn pa dé, mo wo ọkọ mi. "Ẹ sáré bá a. Ẹ sọ fún un."

"Kí n sọ kí ni?" Ó jókòó sórí apá àga, ohun tó máa ń kọ̀ fún àwọn ọmọ wa láti ṣe. "Pé mo ń wá ohun kẹta?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kẹ́ ẹ sọ ọ́. Ẹ gbọ́ ohun tó gbé rù. Ẹrù yín ló ń rù."

"Mo gbọ́, Ìyá wọn."

"Ẹ dìde nígbà náà."

Kò dìde. Ó ní òun máa yọ afárá kúrò nínú ọ̀rọ̀ ọdún yìí, àwọn èèyàn á sì fúnra wọn rí i pé kò sí níbẹ̀ mọ́, wọ́n á yé dúró. Mo ní, "Ṣé bí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe ń jẹ́wọ́ nìyẹn? Wọ́n á fagi lé e?" Mo fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n mi ò fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Mo dáná, mo sì jẹ́ kó mọ̀ látinú bí mo ṣe ń gbé ìkòkò kalẹ̀.

Ọjọ́ Ìpínlẹ̀ dé. Wọ́n ta àtíbàbà fún àwọn àlejò, wọ́n to àwọn ọmọ sínú oòrùn. Mo jókòó sí ìhà ọ̀tún pèpéle, mo rí aránṣọ níwájú lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn ará òdìkejì. Ó ti ọsibítù wá, apẹ̀rẹ̀ oúnjẹ ọmọ wà lórí itan rẹ̀. Káfíńtà dúró lẹ́yìn wọn. Alága bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé, ọkọ mi ń túmọ̀. Kò ṣe àwàdà kankan. Alága á ka tirẹ̀, òun á sọ ọ́ bó ṣe wà, gbẹrẹfu. Àwọn èèyàn ń wo ara wọn. Ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn:

"Tíṣà Kọ́mà, iyọ̀ dà? Ẹ fi iyọ̀ sí i!"

"Bóyá dókítà ti ní kí wọ́n má jẹ iyọ̀ mọ́," ẹlòmíràn dáhùn, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọkọ mi kò rín.

Alága dé ibi tí wọ́n ti ń sọ ohun tí ìjọba máa ṣe. Ó ka àkọ́kọ́, ó ka ìkejì. Ó dúró. Ó wo ìwé náà, ó yí i padà wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wá gbójú sókè, ó mú ìwé kúrò lójú, ó sì sọ ọ́ látorí, odindi rẹ̀, lédè Òyìnbó tó dára: afárá tó yẹ àwọn èèyàn wa tó ń gbé ní òdìkejì odò. Kò yọ ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọkọ mi bí ẹni tó bá àgbàlagbà kan rántí ibi tó fi igi ìtìlẹ̀ rẹ̀ sí.

Àwọn tó gbọ́ Òyìnbó ti ń pàtẹ́wọ́. Àwọn yòókù yíjú sí ọkọ mi, wọ́n ń dúró kó túmọ̀ rẹ̀. Aránṣọ ti na ọrùn síwájú.

"Alága ní," ọkọ mi wí sínú máìkì. Ó dúró. Gbogbo pápá mọ ìdúró yẹn. Mo rí i tí ẹ̀rín ti ń yọ lójú wọn. "Alága ní àwọn máa ṣe afárá." Ó tún dúró. "Kò sí afárá."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Èmi ni mo dá a sílẹ̀. Mo jókòó sílé mi, mò ń wá ohun tó máa mú ọ̀rọ̀ dùn, mo bá kọ afárá. Kò sí ìjọba tó ní in lọ́kàn rí. Kò sẹ́ni tó wá wọn ibẹ̀ rí. Ẹ má dúró dè é mọ́. Ẹ tún pákó yín ṣe."

Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ẹ̀rín ń le sí i. Ọkùnrin kan ṣubú lé ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn àlejò abẹ́ àtíbàbà ń nu ojú. Akọ̀wé ń fọwọ́ gbá itan. Ọkọ mi dúró, ó fi máìkì sílẹ̀ díẹ̀ kúrò lẹ́nu, ó ń dúró kí wọ́n dákẹ́ bó ṣe máa ń dúró de kíláàsì tó ń pariwo. Wọn ò dákẹ́. Mo ti jókòó ti ọkùnrin yìí fún gbogbo ọjọ́ ayé mi tó dára, mi ò rí i kó rí bẹ́ẹ̀ rí: ó ń sọ òótọ́ kan ṣoṣo tó ní, àwọn èèyàn sì ń pàtẹ́wọ́ fún un.

"Tíṣà, ẹ máa pa wá o!" Alága fọwọ́ gbá a lẹ́yìn, ó gba máìkì. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í yan.

Ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀ lórí pèpéle. Kò gba ẹ̀gbẹ́. Àárín pápá ló gbà, níwájú àwọn ọmọ tó ń yan, débi pé ìlà wọn wọ́, olùkọ́ eré ìdárayá sì ń kígbe. Ọ̀dọ̀ aránṣọ ló ń lọ. Mo dìde, mo gba àárín èrò kọjá kí n lè dé ibẹ̀.

Ó lóṣòó síwájú rẹ̀, pẹ̀lú ewú orí rẹ̀ nínú oòrùn yẹn. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Mo rí i pé kò rín láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Kì í ṣe àwàdà," ọkọ mi wí.

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni."

"Gbogbo ọdún yẹn?"

"Gbogbo rẹ̀. Ohun tí ẹ sọ fún káfíńtà, èmi ni mo fi sí yín lẹ́nu. Ẹ sọ ẹrù yẹn kalẹ̀, ìyá ọmọ wa. Kì í ṣe tiyín."

Àwọn ọmọ ń kọjá lẹ́yìn wa, ẹsẹ̀ wọn ń dún lórí ilẹ̀ líle.

"Kí lẹ wá rí gbà níbẹ̀?" obìnrin náà béèrè. Kò béèrè ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú ìbínú. Ó fẹ́ mọ̀ ni.

"Ó dùn létí," ọkọ mi wí.

Obìnrin náà dìde. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó lọ bá káfíńtà, ó sọ̀rọ̀ sí i létí. Káfíńtà gbójú sókè, ó wo ọ̀dọ̀ wa. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan, méjì-méjì, gbogbo àwọn ará òdìkejì, tí bẹ́ǹṣì wọn fi ṣófo kí àwọn ọmọ tó yan tán.

Mo ti múra sílẹ̀ fún ìyà. Mo ti gbààwẹ̀ nítorí rẹ̀. Mo ní wọ́n máa pè é sí ọ́fíìsì, wọ́n máa dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tó wá ni akọ̀wé, ó ń rẹ́rìn-ín láti ẹnu géètì. Ó ní alága ní kí òun wá kí wọn, pé látìgbà tí wọ́n ti ń ṣe Ọjọ́ Ìpínlẹ̀, kò tíì dùn tó bẹ́ẹ̀. "Irú èyí náà la fẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀, sà." Ọkọ mi ní kò sí ọdún tó ń bọ̀ fún òun nínú iṣẹ́ yẹn. Akọ̀wé tún rẹ́rìn-ín. Ó jẹ́ ọmọ tó gbọ́n ní kíláàsì, ọkọ mi wí nígbà tó lọ tán. Ó ní òun ò mọ ohun tí òun fi sílẹ̀ láìkọ́ ọ.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, a gbọ́ òòlù láti ìhà odò. Ọkọ mi wọ ṣòkòtò rẹ̀ tó ti gbó, ó jáde. Mo tẹ̀ lé e, nítorí mo mọ ọwọ́ tí mo fẹ́; ọwọ́ yẹn kò mọ bí wọ́n ṣe ń di òòlù mú.

Àwọn ará òdìkejì ti wà nínú omi. Wọ́n ti yọ gbogbo pákó àtijọ́, wọ́n kó wọn jọ sí etí odò, dúdú, rírọ̀ bí búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Ariwo tí wọ́n ń pa lọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n rí wa. Ẹnì kan ní, "Ògbufọ̀ ti dé. Kí ni odò wí?" Kò sẹ́ni tó rín.

"Ọ̀gá káfíńtà, ẹ kú iṣẹ́," ọkọ mi wí.

"Ẹ kú ìrìn, Tíṣà. Kí lẹ mọ̀ nínú iṣẹ́ yìí?"

"Mi ò mọ nǹkan kan."

Káfíńtà rò ó wò. "Ẹ bọ́ sómi nígbà náà. Ẹ di ẹsẹ̀ òpó yìí mú. Ẹ má jẹ́ kó mì."

Ó bọ́ sómi. Omi dé itan rẹ̀. Ó gbá òpó náà mọ́ra, wọ́n sì ń kan ìṣó lókè orí rẹ̀, eruku igi ń bọ́ sí i lójú, kò lè nù ún. Èmi bá àwọn obìnrin gbé pákó. Kò sẹ́ni tó bú wa. Kò sì sẹ́ni tó bá wa sọ ju ohun tí iṣẹ́ fẹ́ lọ.

Nígbà tí oòrùn ti ń yí, aránṣọ dé láti ilé rẹ̀ pẹ̀lú garawa omi mímu. Ó bu fún mi, ó béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ mi, mo dá a lóhùn. Ó dé etí omi níbi tí ọkọ mi wà. Ó na kọ́ọ̀pù sí i.

"Ẹ ṣeun," ọkọ mi wí.

"Ọmọ yẹn ò tíì mọ̀," obìnrin náà wí. "Àwọn tó wá kí i sọ fún un pé ẹ ṣe àwàdà kan ní pápá, pé gbogbo ayé rín. Ó ní kí n sọ ọ́ fún òun. Mi ò lè sọ ọ́, Tíṣà. Ẹ lọ sọ ọ́ fún un fúnra yín."

Ọkọ mi mu omi náà tán. Ó dá kọ́ọ̀pù padà fún un. Ó bi káfíńtà bóyá òpó ti dúró, káfíńtà fọwọ́ tì í wò, ó ní ó ti dúró. Ọkọ mi jáde nínú omi, ṣòkòtò rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, a sì gba ọ̀nà ọsibítù bẹ́ẹ̀, ó ń kán omi sílẹ̀ títí a fi dé wọ́ọ̀dù. Nọ́ọ̀sì wo ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nù, ó wo ojú ọkọ mi, ó jẹ́ kó kọjá.

Èmi dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ náà wà lórí bẹ́ẹ̀dì ìparí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú sìmẹ́ńtì funfun tí wọ́n fi dì í. Bó ṣe rí olùkọ́ rẹ̀ tó rin gbingbin báyẹn, ojú rẹ̀ là.

"Sà! Ṣé inú odò lẹ gbà wá ni?"

"Inú odò ni mo gbà," ọkọ mi wí. Ó fa àga sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó jókòó.

"Wọ́n ní ẹ pa gbogbo wọn lẹ́rìn-ín ní pápá, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún mi."

Ó sọ ọ́ fún un. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, mi ò gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i pé kò dúró níbì kankan láàárín rẹ̀. Mo di ẹnu ọ̀nà mú. Mo bẹ Ọlọ́run kí ọmọ náà má rẹ́rìn-ín.

Kò rín. Ẹ̀rín tó ti ní lójú tẹ́lẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń wọlé. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tún wo olùkọ́ rẹ̀, bí ẹni ń wo ẹni tí kò rí rí. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ògiri.

Ọkọ mi kò pè é, kò fọwọ́ kàn án. Ó jókòó síbẹ̀ nínú aṣọ tútù, ọwọ́ rẹ̀ lórí orúnkún, kò sì dìde títí ìyá ọmọ náà fi dé.